Èènì Inú Yàrá Òfo

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun ra ẹ̀wà lọ́wọ́ Ìyá Àsíátù ní ọjà Ṣakí, tí òun kò sì gba èènì, ẹ má dá a lóhùn, irọ́ ló ń pa. Obìnrin náà a wọn ẹ̀wà tirẹ̀ tán, a dà á sínú àpò oníbàárà, a tún na ọwọ́ sínú ọpọ́n, a bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Bí oníbàárà bá ní, "Ó tó, Ìyá," ìyẹn gan-an ni yóò mú kí ó bu òmíràn. Ẹni tí kò ra nǹkan kan rárá, tó kàn yà láti béèrè iye tí wọ́n ń tà á, kò ní ṣàìmú ẹ̀wà díẹ̀ délé ní ìṣẹ́tí aṣọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ sí i: "A kì í jẹ́ kí ẹni tó na ọwọ́ sí wa padà lófo." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa bínú, wọ́n ní ó ń ba ọjà jẹ́, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ni èrò máa ń pọ̀ sí.

Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Àsíátù ti dàgbà. Kí ó tó mọ òǹkà ni ó ti mọ èènì. Bí wọ́n bá ní kí ó pọn omi ìkòkò kan, ìkòkò kan àti ife kan ni yóò pọn. Ní ilé kéú, bí alùfáà bá ní kí ó ka súrà kan, Àsíátù á kà á tán, á tún bu díẹ̀ nínú èyí tó tẹ̀ lé e mọ́ ọn. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òótọ́ sì ni. Ohun tí wọn kò sọ fún wa ni pé ẹ̀ṣọ́ mìíràn wà tí kò yẹ gbogbo òde.

Nígbà tó jáde ilé ìwé, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé, ó sì ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tí ìjọba dá sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Ọkọ rẹ̀ ń bá wọn kọ́lé kiri ní Ìsẹ́yìn, òun àti ọmọ rẹ̀, Abọ́sẹ̀dé, sì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní ọdún tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan dé ọ́fíìsì náà láti Ìbàdàn. Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀, tí í ṣe ọ̀gá wọn, wá ẹni tí yóò lọ kọ́ ọ. Akọ̀wé àkọ́kọ́ tó fi lọ̀ ní dókítà ti sọ fún òun kí òun má máa wo ohun tó bá ń tàn. Èkejì ní iṣu òun ti tó wà, bí òun bá sì kúrò nílé, àwọn ẹlòmíràn ni yóò bá òun wà á. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe yí kan Àsíátù. Ó lọ sí Ìbàdàn, ó kọ́ ọ dáadáa, ó padà dé, ó sì bá a pé yàrá tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí nìkan ni wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí nínú gbogbo ilé náà.

Ọjọ́ yẹn ni Àsíátù di èèyàn pàtàkì. Lọ́sàn-án gangan, àwọn akọ̀wé tí kò kí i rí á kó fáìlì mọ́ abíyá, wọ́n á wá dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń ronú. Súwẹ́tà ni òun alára ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo ọjà ló ń rí i bí ó ti ń kọjá nínú oòrùn Ṣakí pẹ̀lú súwẹ́tà aláwọ̀ ewé lọ́rùn, ìyá rẹ̀ á sì máa bi àwọn tó wà nítòsí pé, "Ẹ bá mi wo ọmọ yìí, ṣé kò sí ibà lára rẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Ìdí ẹ̀wà ni ó fẹ́ kí Àsíátù jókòó sí. Kóńgò kan wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀, onírin tó nípọn, tí etí rẹ̀ ti fà díẹ̀. Òun ni ó fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ó sì ti dojú rẹ̀ dé pa mọ́ de ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní wúńdíá. Àdìjátù, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń bá a tajà, ti tọrọ rẹ̀ títí, kò fún un. "Ti Àsíátù ni," ni ó máa ń wí. "Ọjọ́ tí wọ́n bá lé e, ó mọ ibi tó wà." Kò ní ibi lọ́kàn tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn dá a lójú pé wọn yóò lé e ni.

Kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́, nítorí wọn kò tíì fi Àsíátù jókòó tán. Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ ti sọ fún un pé iṣẹ́ òjò ọdún náà ni àwọn yóò fi dán an wò. Bí ó bá ṣe é yọrí, àga náà di tirẹ̀. Bí kò bá ṣe é yọrí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Florence, tó ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ti ṣe tán ní Ìbàdàn láti wá gbà á. Ẹlòmíràn sì ti wà ní ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó fi sílẹ̀. Kò sí àga kẹta. Bẹ́ǹṣì ìyá rẹ̀ ló kù. Àsíátù sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé ó máa ń lá a lálàá, kì í ṣe torí amúlétutù nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, kò le. Wọ́n fi agolo tí wọ́n fi ń wọn òjò sí Ṣakí, Ìwéré-Ilé, Ilua àti Kíṣí. Ní àràárọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ agolo á wo iye òjò tó wà nínú rẹ̀, á kọ ọ́ sórí káàdì. Ràmọ́nì, awakọ̀ ọ́fíìsì, á fi lọ́rì kó àwọn káàdì náà wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àsíátù á sì kó o sínú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ lè sọ ìgbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n baà lè gbé irúgbìn àgbàdo lọ fún àwọn àgbẹ̀ ní àsìkò.

Bí ẹ bá ti wọ agboolé àtijọ́ rí, èyí tó gùn gbọọrọ, tí àwọn yàrá tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ ti mọ ohun tí Àsíátù ń kọ́ sínú ẹ̀rọ náà. Ìlà kan péré ló fi ń kọ́ ilé ọ̀hún: DIM R(31). R ni bàálé, ó sì ní yàrá mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ọjọ́ kan nínú oṣù, òjò ọjọ́ náà ló ń gbé inú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ òjò ọjọ́ kejìlá, o kò ní tú gbogbo ilé, R(12) ni o máa kanlẹ̀kùn rẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ mọ ti gbogbo oṣù, wàá ní kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láti yàrá kìíní. Á máa kanlẹ̀kùn láti yàrá dé yàrá bí agbowó-orí, á bi olúkúlùkù léèrè iye tó ní, á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, á sì mú ẹni tó ní jù síta.

Nǹkan kan wà tí Àsíátù rí ní Ìbàdàn tó dùn mọ́ ọn ju gbogbo èyí lọ. Bí èèyàn bá béèrè yàrá mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀rọ yìí, yàrá méjìlélọ́gbọ̀n ló ń kọ́. Ọ̀kan á dúró ṣáájú yàrá kìíní, nọ́ńbà òfo ló sì ń jẹ́. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n má bá a ṣe nǹkan kan, kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti yàrá kìíní. Gbogbo kíláàsì kọ ọ́ sínú ìwé. Àsíátù nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí mọ èènì."

Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ ní Yorùbá ni òun fẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi jábọ̀, nítorí àwọn àgbẹ̀. Ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, kó kọ OFO. Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, kó kọ OJO TI DE. Èrò rere ni, àbùkù kan ni ó ní: ẹ̀rọ náà kò mọ àmì ohùn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, Ràmọ́nì ka ohun tó wà lójú gíláàsì ẹ̀rọ náà, ó yíjú sí Àsíátù. "Òjó wo ló dé, Ìyá Abọ́sẹ̀dé? Òjó ọmọ Ládòkun tó lọ sí Kàdúná ni?"

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ọyẹ́ ṣì wà níta, ètè gbogbo èèyàn ti bó, eruku sì ti sọ ewé igi di pupa. Káàdì dé láti ìlú gbogbo, òfo ni wọ́n kún fún. Àsíátù kó ti Ṣakí àti ti Ìwéré-Ilé wọlé, ó kó ti Ilua. Ó wá kan Kíṣí. Ó tẹ òfo, ó tún tẹ òfo, ó tẹ̀ ẹ́ títí dé òpin ọ̀sẹ̀, ó ní kí ẹ̀rọ jábọ̀. Gíláàsì kọ ọ́ gàdàgbà: KISI OFO OFO OFO OFO OFO OFO OFO.

Ràmọ́nì yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Yéè, Ìyá Abọ́sẹ̀dé. Ta ni wọ́n ṣòfò rẹ̀ ní Kíṣí?"

Àsíátù tún ojú gíláàsì kà. Kíṣí ni ilé ìyá ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹbí wọn wà. Òfo kò jìnnà sí òfò tẹ́lẹ̀, ohùn kékeré ló là wọ́n, ẹ̀rọ tí kò sì mọ ohùn ti so méjèèjì pọ̀ mọ́ orúkọ ìlú ìyá rẹ̀. Ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú rẹ̀ sí àwọn èèyàn rẹ̀, kó tún jókòó tì í? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó pa àwọn òfo náà rẹ́, ó tẹ oókan sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Mìlímítà kan péré ni, omi tí aláǹgbá kò lè fi bọ́jú. Lójú tirẹ̀, kò parọ́. Kò kàn jẹ́ kí Kíṣí lọ lófo ni. Ó kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì, bí ẹ̀rọ náà ti máa ń ṣe, ó sì lọ kí ìrun Jímọ̀ pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́.

Kò tíì dé mọ́sálásí tí Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ fi wọ inú yàrá ẹ̀rọ wá gba atẹ́gùn. Ó tẹ bọ́tìnì tí Àsíátù ti kọ́ ọ, láti mọ ibi tí iṣẹ́ dé. OJO TI DE NI KISI. Ẹ má dá a lẹ́bi púpọ̀. Ọmọ etí òkun lọ́nà Ẹ̀pẹ́ ni, ibi tí òjò kì í ti í béèrè oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì tíì lo ọdún kan ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ó súré jáde, ó ní kí wọ́n di àgbàdo sí lọ́rì.

"Ọ̀gá, mo ti Kíṣí dé láàárọ̀ yìí," ni Ràmọ́nì wí. "Eruku ni mo ṣì ń pọ̀ lẹ́nu."

"Ràmọ́nì, ṣé ìwọ ni kọ̀ǹpútà?"

"Rárá, sà."

"Èèyàn ló ń purọ́. Ẹ̀rọ kì í purọ́. Wa mọ́tò."

Nígbà tí Àsíátù fi ti mọ́sálásí dé, lọ́rì ti ń gba ẹnu géètì jáde. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní òjò ti rọ̀ ní Kíṣí. Ẹ wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Àlùhámúdùlílàhì, Ọlọ́run rántí ilé ìyá mi." Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé òun ni òun rọ òjò náà.

Ràmọ́nì sùn ní ọ̀nà, ọjọ́ Ajé ló sì tó padà dé ọ́fíìsì. Ìgbà tó wọlé, àwọ̀ lọ́rì àti àwọ̀ tirẹ̀ ti di ọ̀kan. Gbogbo ọ́fíìsì pé lé e lórí, ó sì sọ ọ́ bí ó ti rí. Ó ní àwọn àgbẹ̀ Kíṣí gba òun tọwọ́tẹsẹ̀. Bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Ògúndèjì mú òun lọ sí oko, ó ta ọkọ́ mọ́lẹ̀, ọkọ́ dún bí agogo ilé ìwé. Níbi tí wọ́n ti ń wo ilẹ̀, màlúù àwọn Fúlàní ti yọ sí ẹ̀yìn lọ́rì, wọ́n já àpò kan, wọ́n sì jẹ irúgbìn ìjọba títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Bàbá náà kò bínú. Ó wọlé, ó gbé igbá kan jáde, ó fi lé òun lọ́wọ́.

"Ó ní kí n kí yín, sà," ni Ràmọ́nì wí fún ọ̀gá. "Ó ní ẹ̀yin tí ẹ ní òjò ti dé, kí ẹ jọ̀ọ́ bá àwọn bu díẹ̀ níbẹ̀." Ó gbé igbá òfìfo náà ka orí tábìlì.

Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ wo igbá, igbá náà wò ó. Kò pariwo, èyí ló sì ba Àsíátù lẹ́rù jù. Ó ní, "Àsíátù, wá ohun tí ẹ̀rọ yìí ṣe rí fún mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Florence ni yóò wá wá a."

Àsíátù tú ètò tó kọ láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ó fura sí yàrá òfo, bóyá agbowó-orí ti ṣì í kàn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wá fura sí Ràmọ́nì, nítorí ó gbọ́ pé ó ti gbé kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ náà sínú rédíò lọ́rì rí. Ràmọ́nì jẹ́wọ́. Ó ní òun rò pé fújì ni. Ó ní ariwo tí òun gbọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n ń din ẹja láàyè, òun sì yọ ọ́ kíá. Kásẹ́ẹ̀tì náà kò lárùn kankan. Lẹ́yìn èyí, kò sí ibi tí Àsíátù tún lè wò mọ́. Ẹ̀rù wá ń bà á gidi.

Ó wọ súwẹ́tà rẹ̀ lọ sí ọjà, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá gbọ́ ọ, ó káàánú, ó pòṣé, ó sì na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó yọ kóńgò síta, ó ń fi ìdí ìró nù ún. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti ìrìn àjò dé.

"Màámi, wọn kò tíì lé mi o."

"Mo mọ̀. Eruku ara rẹ̀ ni mo kàn ń nù."

Oníbàárà kan dé, Àdìjátù sì dìde láti wọn ẹ̀wà fún un. Ọwọ́ ń kán ọmọbìnrin náà. Ó wọn kóńgò kìíní, kò sì tíì dà á sínú àpò tó fi bu ẹ̀kúnwọ́ lé orí rẹ̀, ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ síbẹ̀, ó tún ki kóńgò bọnú ọpọ́n. Ìyá Àsíátù gbá a lọ́wọ́.

"Ìgbà wo lo máa gbọ́n? Èènì kì í wọ inú kóńgò. Wọ̀n ọ́n tán ná, kà á síta kí gbogbo ayé gbọ́, kó o tó wá fi èènì tìrẹ sí ẹ̀gbẹ́. Bó o bá da èènì mọ́ ìwọ̀n, báwo lo ṣe máa mọ ohun tó o tà? Ọ̀làwọ́ kọ́ nìyẹn, ìwà wèrè ni."

Àsíátù dìde dúró. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rí i bí ọwọ́ náà ṣe ń bu mìlímítà kọ̀ọ̀kan sínú kóńgò Kíṣí, ọjọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, tí ẹ̀rọ sì ń kà á bí ọjà tí wọ́n tà. Ìtìjú bò ó tó bẹ́ẹ̀ tó fi bọ́ súwẹ́tà. Àdìjátù, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ohun tí òun ń rẹ́rìn-ín sí.

Ó kọjá sí iwájú ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan, sà. Èmi ni. Kíṣí ò rí òjò, mo wá fún wọn ní oókan lójoojúmọ́."

"Oókan kí ni?"

"Èènì ni, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ yọ awò ojú rẹ̀. "O fi èènì sí òjò Ọlọ́run."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ lófo."

Ọkùnrin náà kọjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì. Àsíátù rò pé ìbínú ni. Ìgbà tó yíjú padà, omi wà lójú rẹ̀, ó sì ń gbìyànjú láti fajú ro. Ó ní kí ó dìde, kí ó lọ tún un ṣe lójú òun, òun yóò sì máa wo iṣẹ́ rẹ̀ títí òjò tòótọ́ yóò fi dé, nígbà náà ni òun yóò mọ ẹni tí yóò jókòó lórí àga náà.

Àsíátù jókòó ti ẹ̀rọ, ó fa káàdì Kíṣí mọ́ra. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ìka sórí òfo, ìka náà kò sọ̀kalẹ̀. Ó mọ ohun tó tọ́, ọkàn rẹ̀ gbà, ìka ni kò gbà. Kí èèyàn kan dédé ṣí ilé fún ìlú ìyá rẹ̀, kí ó sì fi òfo pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà? Níbẹ̀ ló ti rántí yàrá tó ṣáájú yàrá kìíní, èyí tí ẹ̀rọ fi ta á lọ́rẹ, tí agbowó-orí kì í kanlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ó kọ ọ́ báyìí: R(0) = 1. Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ tú. Ó tẹ òfo fún ọjọ́ kìíní, ó tẹ òfo fún ọjọ́ kejì, ó tẹ gbogbo òfo Kíṣí pé pérépéré láìfi ọ̀kan pamọ́. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láti yàrá kìíní, ó kanlẹ̀kùn dé ìparí, kò rí òjò kankan, bẹ́ẹ̀ ló sì jábọ̀.

"Kí ni ti oókan tó wà níwájú yìí?" ni ọ̀gá béèrè.

"Èènì wọn ni, sà. Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi sí. Kò wọ inú ìwọ̀n."

Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ kọrí síta. Ó ti fẹ́ jáde kí ó tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣakí, Ìwéré-Ilé àti Ilua ńkọ́? Wọn kò ní ìyá ni?" Àsíátù yára fi tiwọn náà sí yàrá wọn.

Láti ọjọ́ náà lọ, káàdì ń dé, òfo ń wọlé, ẹ̀rọ ń sọ òótọ́. Ìyá Àsíátù kò dá kóńgò padà sábẹ́ bẹ́ǹṣì mọ́, orí bẹ́ǹṣì ló fi sí, níbi tí àyè ọmọ rẹ̀ wà. Ọyẹ́ lọ, ooru dé, ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láìrọ̀. Nínú oṣù kẹrin, lọ́jọ́ kan tí káàdì bá mọ́tò èrò dé kí Ràmọ́nì tó lọ kó o, gíláàsì kọ ọ́ síta: OJO TI DE NI KISI.

Gbogbo wọn ń wo ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo Àsíátù.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo rọ̀ ọ́?"

"Èmi kọ́, sà."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀gá kò jẹ́ kí wọ́n di ẹyọ àgbàdo kan sí lọ́rì. Igbá Ògúndèjì ni ó gbé fún Ràmọ́nì, ó ní kí ó gbé e padà fún Bàbá, bí òjò bá ti dé lóòótọ́, kí wọ́n bu díẹ̀ níbẹ̀ wá. Àsíátù kò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ó mọ̀ pé bí igbá náà bá padà wá lófìfo, òun náà ti padà sí ìdí ẹ̀wà nìyẹn.

Nígbà tí lọ́rì wọlé lọ́jọ́ kejì, ẹrẹ̀ ti bo táyà rẹ̀ dé ìdajì. Ràmọ́nì sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá igbá mọ́ àyà. Omi òjò kún inú rẹ̀, ewé ẹ̀kọ ni wọ́n fi dé e lójú, ìyókù sì ti rin ṣòkòtò rẹ̀ gbingbin. Ó gbé e ka iwájú ọ̀gá. "Bàbá ní kí n kí yín, sà. Ó ní omi inú igbá ni ti ìjọba. Ó ní èyí tó dà sí mi lára, èènì tèmi ni."

Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ ti ọwọ́ bọ omi náà, ó fi pa ojú. Ó ní kí wọ́n di irúgbìn sí lọ́rì, ó sì jókòó, ó kọ̀wé sí Ìbàdàn pé kí Florence má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Ìrọ̀lẹ́ ni Àsíátù mú ìròyìn náà dé ọjà. Ìyá rẹ̀ ń tẹ́tí, ó ń fi ọwọ́ to ẹ̀wà lórí ọpọ́n. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ìbéèrè kan ló bi í.

"Ẹ̀rọ yẹn, o ní bó o bá béèrè yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń fi ọ̀kan lé e?"

"Ó máa ń fi ọ̀kan lé e, Màámi."

"Láìjẹ́ pé o bẹ̀ ẹ́?"

"Láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́."

Ìyá rẹ̀ mirí. "A jẹ́ pé ọmọ ọlọ́jà ló ṣe é. Máa bá a lọ."

Ó gbé kóńgò orí bẹ́ǹṣì, ó wọn ẹ̀wà kún un, ó fi ọwọ́ gé e tẹ́, ó ní, "Ọ̀kan," kí gbogbo ayé gbọ́. Ó dà á sínú gèlè tí Àsíátù tẹ́ sílẹ̀, ó wá bu èènì lé e, ẹ̀kúnwọ́ kan, òmíràn, òmíràn, títí Àsíátù fi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojú àwọn méjèèjì ti ń pọ́n. Ìyá yí padà, ó na kóńgò òfìfo náà sí Àdìjátù, tí kò tiẹ̀ gbà á gbọ́ pé òun ni wọ́n ń nà án sí.

"Gbà," ni ó wí. "Má sì jẹ́ kí n tún rí èènì nínú rẹ̀."